Eyínfúnjowó Méjì

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí aago mẹ́ta ọ̀sán ti ń lọ lù, Tíṣà Ẹ̀bùnọlá jókòó sórí kéréètì mínírà lẹ́yìn aṣọ títa tó bo ìtàgé nínú gbọ̀ngàn ìjọ wọn nísàlẹ̀ òkè Màpó. Obìnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lásán, ọgọ́ta ọmọ á pa lọ́lọ́, òun ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ó gbọ́ tí wọ́n ń to àga. Ó gbọ́ ẹ̀rín. Ó gbọ́ tí Clara, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìjọ, ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi ìlà iwájú sílẹ̀ fún àwọn àlejò láti Bẹ́yẹrúnkà. Nígbà tó gbọ́ ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo yíká bóyá ó lè rí ọ̀nà ẹ̀yìn gbà jáde. Fèrèsé kan wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fi irin há a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀. Òkè Bọ́lá ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé tí wọ́n ti ń lu agogo kí wọ́n tó jẹun. Bẹẹrẹ ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ sí tó fi lọ sọ́run. Ọlọ́run kò fún un ní ohùn orin rárá, àwọn akọrin ìjọ á jẹ́rìí sí i, àmọ́ ó fún un lẹ́nu. Kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ. Ó lè ṣe bí àlùfáà tí eyín àtọwọ́dá ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nídìí ìwàásù, ó sì lè ṣe bí awakọ̀ máíkírà tó ń bú èrò tó tún ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún mọ́ inú. Bó bá ti wà níbi ìpàdé àwọn obìnrin, ìpàdé yẹn kì í tètè parí.

Nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, tí wọ́n sì ti ojú ọ̀nà Èkó pa, ìjọ wọn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa gbé gààrí, ìrẹsì àti oògùn lọ fún àwọn arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń bá jà láwọn agboolé ìsàlẹ̀ Màpó. Ẹlẹ́sìn yòówù kí wọ́n jẹ́, kò kàn wọ́n. Ẹ̀bùnọlá ló kọ́kọ́ nawọ́ pé òun á ṣe é. Ẹ má rò pé akin ni o. Ẹ̀rù àìsàn yẹn bà á débi pé ó ń fi ọṣẹ fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó bó o. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé jíjókòó nílé lóun nìkan, tó ń gbọ́ iye èèyàn tó kú lórí rédíò, tún bà á lẹ́rù ju ìyẹn lọ.

Clara ṣòfin fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú agboolé. Ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n dúró sí, kí wọ́n pe orúkọ látinú ìwé, kí ará ilé sì wá gbé ẹrù wọlé fún ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀bùnọlá ṣe dé agboolé Alápò ní Bẹ́yẹrúnkà, tòun ti ìwé ẹ̀sáásì àti báírò. Agboolé náà tóbi, ó ní ẹnu ọ̀nà méjì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló lọ, ìyàwó kékeré kan sì ka àwọn arúgbó apá ibẹ̀ fún un. Ìbàdíàrán. Bàbá Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eyínfúnjowó. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú, Ìyá Èjìdé, ìyàwó àgbà, ló sì jáde sí i níbẹ̀, ó fi ìborùn bo imú. Gbajúmọ̀, ni Ìyá Èjìdé ń kà fún un. Akọ́wé. Òpéléńgẹ́. Eyínfúnjowó.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé, ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Ogójì ọdún ni Ìyá Èjìdé ti lò nílé Alápò, kò sì ní tìtorí kòrónà ba àṣà jẹ́. Ẹ̀bùnọlá bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní orúkọ gidi, ó ní ìwé ìjọ ni, kì í ṣe ìwé eré. Ìyá Èjìdé fèsì láti òdìkejì gọ́tà pé, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi padà sílé bàbá mi ní àádọ́rin ọdún ni?" Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ìbòmú rẹ̀ fi yọ, ó sì kọ ohun tí wọ́n pè fún un.

Nígbà tó délé, tó ń da àwọn orúkọ náà kọ sínú ìwé tuntun, ó rí Eyínfúnjowó lẹ́ẹ̀mejì. Oúnjẹ kò tó nǹkan lásìkò yẹn, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wọn nípa àwọn tó máa ń gba ìpín méjì. Ó ní àwọn ará Alápò yìí mà gbọ́n o, wọ́n gba ẹ̀yìn, wọ́n tún gba iwájú. Báírò pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi fa ìlà gbọọrọ lórí ti Ìyá Èjìdé, ó sì kọ "àtúnkọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan. Ọmọ Yorùbá ni, òun náà ti jẹ ìyàwó rí. Ó yẹ kó mọ̀ pé obìnrin méjì lè rí eyín tó funfun ju owó ẹyọ lọ lẹ́nu èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ kan náà. Kò rò ó débẹ̀.

Ní Túsìdé àkọ́kọ́ tí wọ́n pín ẹrù lẹ́nu ọ̀nà iwájú, Ìyá Èjìdé bi í pé Eyínfúnjowó ńkọ́. Ó dáhùn pé wọ́n ti gba tiwọn. Ní Túsìdé kejì, ìyá náà tún bi í, ó sì fún un ní èsì kan náà, ohùn rẹ̀ tiẹ̀ le díẹ̀, torí ó rò pé wọ́n ń fọgbọ́n tan òun. Ní Túsìdé kẹta, Ìyá Èjìdé kò béèrè mọ́. Ní ìkẹrin, ó wá sẹ́nu ọ̀nà láìfi ìborùn bo imú, ó ní, "Tíṣà, ẹ má pe Eyínfúnjowó mọ́ o. A sin wọ́n lánàá."

Ẹ̀bùnọlá kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó sì yí lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Níwọ̀n bí Eyínfúnjowó ti kú, ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ náápẹ̀ẹ̀pù tó ń bá a kó ẹrù, ó pín fún àwọn tó kù. Ìyàwó kékeré wo ilẹ̀ lọ wo ilẹ̀ bọ̀, ó ní, "Ma, ti Eyínfúnjowó mi dà? Wọ́n wà lórí ẹní, wọ́n ń retí yín."

Ìgbà yẹn ló tó yé Ẹ̀bùnọlá pé èèyàn méjì ni wọ́n. Ó gbé ẹrù náà sílẹ̀, kò sì mọ bóun ṣe rìn dé Bẹẹrẹ. Nílé, ó ṣí ìwé náà, ó rí ìlà pupa, ó pa á dé, ó kì í bọ abẹ́ àpótí aṣọ ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìyókù díẹ̀díẹ̀, láìbéèrè. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni olóògbé náà, opó tó padà sílé bàbá rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán láti ìbẹ̀rẹ̀ kónílé-ó-gbélé. Kò sì jẹ́ fi ojú tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ àmù omi ni wọ́n ti bá a níbi tó ṣubú sí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Èkó, ó ń fi táìsì sí ilẹ̀ ilé fún àwọn olówó, kò sì rí ọ̀nà wálé wá sin ìyá rẹ̀. Bóyá oògùn ì bá gbà á là, bóyá kò ní gbà á là, ta ló mọ̀? Clara sọ níjọ́ kan pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa ẹni tó ń lo oògùn pàápàá. Ọ̀rọ̀ náà kò tu Ẹ̀bùnọlá nínú. Kò sọ fún ẹnì kan, kò sì béèrè orúkọ olóògbé náà, torí ó rò pé bí òun bá mọ orúkọ yẹn, òun kò ní lè sùn mọ́.

Ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín. Ìgbà yẹn ni àwàdà rẹ̀ nípa kòrónà bẹ̀rẹ̀. Kò síbi tí kò ti sọ ọ́, nídìí ìsìnkú, nídìí ìkómọ, nínú ọkọ̀. Bó bá dé orí àwọn orúkọ tí ìyàwó ilé fún wọn, inú a máa run àwọn tó ń gbọ́ ọ fún ẹ̀rín. Ó ń sáré kọjá ibi tó kù. Ọdún mẹ́rin ló fi ń sáré kọjá ibẹ̀.

Clara ló wá ní kí wọ́n sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, fún àyájọ́ ọdún kẹrin tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣe é, òun nìkan ni yóò sì ṣe gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹ Má Sún Mọ́ Mi. Wọ́n fi ṣe ìdánrawò lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo rẹ̀ sì lọ dáadáa títí di Túsìdé ọ̀sẹ̀ náà, tí Clara wá bá a nílé pẹ̀lú ayọ̀. Ó ní òun ti lọ pe àwọn ará Alápò. Ìyá Èjìdé ń bọ̀. Yẹ̀kínì, ọmọ Eyínfúnjowó tó kú nígbà kónílé-ó-gbélé, náà ń bọ̀. Ó ti padà wá ń gbé Ìbàdàn báyìí. Ó ní màmá òun sọ fún òun lórí fóònù nígbà yẹn pé kí òun fọkàn balẹ̀, tíṣà ìjọ kan ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún oògùn, kò sì gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú. Ó ti lọ ra aṣọ òfì ní Òjé láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà níwájú gbogbo èèyàn.

Ẹ̀bùnọlá ní kí Clara wọ́gi lé eré náà. Ó ní òun ń ṣàìsàn. Clara fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní ara rẹ̀ kò gbóná, ẹ̀rù ìtàgé lásán ni. Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun. Bó bá gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìnkùlé, á sáré lọ yọjú lójú fèrèsé. Ó ń rò ó pé òun á gba aṣọ náà, òun á sì máa ró o kiri ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á sọ ọ́, wọ́n á sì lé òun jáde nínú ìjọ tí bàbá òun ti sìn, àwọn ọmọ Alápò á sì wá bá òun ní Bẹẹrẹ. Èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ̀rù rẹ̀ bà á. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpótí, ó mú ìwé náà jáde. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun fẹ́ sun ún ni. Inú báàgì rẹ̀ ló bọ́ sí.

Ohun tó gbé e dé ẹ̀yìn aṣọ títa nìyẹn. Clara pe orúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ó sì jáde.

Ìlà iwájú ló kọ́kọ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti búra pé òun kò ní wò ó. Ìyá Èjìdé jókòó, ó dì mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ga wà, ó gbé ọ̀rá ńlá kan lé itan. Ẹ̀bùnọlá gbójú kúrò, ó sì fi ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀ eré.

Ó kúnlẹ̀ lódìkejì gọ́tà tí kò sí níbẹ̀, ó ń kí bàbá arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di. Ó pariwo "Ẹ káàsán o" títí gbogbo àdúgbò fi dáhùn, ewúrẹ́ pàápàá dáhùn. Ó di Bàbá Ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó dé ìbòmú sórí bíi fìlà, torí orí ni àìsàn máa ń gbà wọlé sí èèyàn lára. Ó di ìyá tí wọ́n fún ní sanitáísà tó fi pa orúnkún tó ń dùn ún, tó sì ránṣẹ́ pé oògùn náà dára, kí wọ́n mú ti ẹ̀yìn wá. Gbọ̀ngàn ń mì. Àwọn obìnrin ń fi gèlè nu omi ojú. Òun alára ń ka ibi tó kù kó tó dé orí orúkọ bí ẹni tó ń ka ibùsọ̀ ọkọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀.

Ó dé ibẹ̀. Ó di Ìyá Èjìdé, ó tẹ̀ sórí ọ̀pá, ó ń pe wọ́n. Gbajúmọ̀. Akọ́wé. Òpéléńgẹ́. "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi padà sílé bàbá mi?" Ẹ̀rín bú jáde. Yẹ̀kínì gbé orí sókè rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ pátápátá, eyín rẹ̀ sì funfun báláú.

Ẹ̀bùnọlá kò rí ìyá Yẹ̀kínì rí láyé. Àmọ́ ó rí ohun tí Ìyá Èjìdé rí tó fi fún un lórúkọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ìtàgé.

Ó ní, "Eyínfúnjowó. Mo fi báírò pupa pa á rẹ́."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín báyìí lọ, kí òun sì dìde jó, kí wọ́n fa aṣọ títa dé. Ó mú ìwé náà jáde nínú báàgì tó gbé kọ́ èjìká, ó ṣí i, ó gbé e sókè fún wọn. Ìlà pupa náà hàn. Ẹ̀rín ń kú lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Èèyàn méjì ni wọ́n," ó ní. "Mo rò pé ẹnì kan ni, mo sì pa ìkejì rẹ́. Màmá Yẹ̀kínì ni. Ẹyọ oògùn kan kò dé ọwọ́ wọn rí. Ìyá Èjìdé bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní wọ́n ti gbà á."

Yẹ̀kínì dìde, ọ̀rá orí itan rẹ̀ ṣubú, òfì náà tú síta. Ó yíjú sí Ìyá Èjìdé, ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ìyá Èjìdé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun gba ọ̀rọ̀ Tíṣà gbọ́, òun rò pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbà á, òun kò sì lè bi ìyá náà, torí òun mọ̀ pé ojú á tì wọ́n. Ó ní láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni òun ti ń rò pé bí òun bá ti pe orúkọ gidi ni, ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Yẹ̀kínì wá wo Ẹ̀bùnọlá. Kò pariwo.

"Kí lorúkọ màmá mi?"

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, bíi pé ó lè wà níbẹ̀. Omi ojú bọ́ sórí rẹ̀. "N ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "N ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí."

Ọkùnrin náà dúró gbagidi, ẹnì kankan kò sì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Nígbà náà ni Ìyá Èjìdé fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, bí ìyàwó ṣe ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọkọ, ó sì la ẹnu tí kò fi pe orúkọ yẹn rí láti ohun tó lé ní ogójì ọdún.

"Sífáwù," ó ní. "Sífáwù ni. Tíṣà, ẹ kọ ọ́."

Báírò tó wà lọ́wọ́ Ẹ̀bùnọlá fún eré náà, pupa ni. Kò lè fi í kọ ọ́. Clara wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ aláwọ̀ búlúù kan nínú àpò rẹ̀ fún un. Orúkọ náà wọ́ bí ìkọ̀wé ọmọ kíláàsì kìíní, àmọ́ ó kọ ọ́ sókè ìlà pupa, odindi.

Ó ń retí kí Yẹ̀kínì jáde, tàbí kó gun orí ìtàgé wá. Yẹ̀kínì kó òfì nílẹ̀, ó fi sínú ọ̀rá, ó gbé e lé itan rẹ̀, ó sì jókòó padà.

"Ẹ parí rẹ̀," ó ní. "N ò sí nílé nígbà yẹn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Kò sí ìparí kankan. Nínú ìdánrawò, ijó ló kàn lẹ́yìn orúkọ, wọ́n á sì fa aṣọ títa dé. Ẹ̀bùnọlá wo ojú ọkùnrin náà, ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ẹ̀rù ń bà á ju ti ìgbà tó wà lórí kéréètì lọ. Ó nu ojú, ó dìde dúró bó ṣe máa ń dúró níwájú kíláàsì, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ní Túsìdé àkọ́kọ́ tí a gbé oògùn wá sílé Alápò," ó ní, "ti Sífáwù, màmá Yẹ̀kínì, kò sí níbẹ̀."